Ìyáàfin Mary McLeod Bethune: Ọmọ Ẹrú Tó Di Ọ̀gá ní Ọ́fíìsì Ìjọba

 

Obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, Amẹ́ríkà náà ni ó sì kú sí ní ọdún 1955. Ohun méjì ló jẹ́ kí a yàn án. Èkíní ni pé ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì bíi tiwa ni. Èkejì ni pé nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ilẹ̀ Áfíríkà yìí ló fẹ́ wá ṣiṣẹ́ Ọlọ́run, wọ́n sì kọ̀ fún un nítorí pé ó dúdú. Ẹ ro ọ̀rọ̀ náà wò: ọmọ Áfíríkà ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ wá wàásù fún àwọn ọmọ Áfíríkà. Ohun tó fi ọgọ́ta ọdún tó tẹ̀ lé e ṣe ni a fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Nítòsí ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Mayesville, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ni wọ́n bí Mary McLeod sí ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1875. Samuel ni orúkọ bàbá rẹ̀, Patsy ni ti ìyá rẹ̀. Ẹrú ni àwọn méjèèjì kí òmìnira tó dé ní 1865. Ọmọ 17 ni Patsy bí, Mary sì ni ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n bí sínú oko ẹrú. Lẹ́yìn òmìnira, bàbá àti ìyá ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ra ilẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ń gbin òwú síbẹ̀. Mary ká òwú bíi gbogbo ọmọ ilé yòókù. Ìyá rẹ̀ a sì tún máa fọ aṣọ fún àwọn òyìnbó.

Níbi aṣọ fífọ̀ yìí ni ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó bá ìyá rẹ̀ gbé aṣọ lọ sí ilé òyìnbó kan, ó sì rí ìwé kan níbi tí àwọn ọmọ ilé náà ti ń ṣeré. Ó mú un, ó fẹ́ ṣí i wò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ilé náà pàṣẹ fún un pé kó gbé e sílẹ̀, pé irú rẹ̀ kò mọ̀wé kà. Mary gbé ìwé sílẹ̀, ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sílé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé òun yóò mọ̀wé dandan. Kò sì sí ilé ìwé kankan nítòsí wọn fún ọmọ adúláwọ̀ nígbà náà.

Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá kí ìjọ Presbyterian tó ṣí ilé ìwé kékeré kan sí Mayesville. Emma Wilson, obìnrin dúdú, ni olùkọ́ ibẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ilé McLeod lè yọ̀ǹda kúrò lóko, Mary ni wọ́n sì yàn. Máìlì márùn-ún ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ, máìlì márùn-ún ló ń rìn bọ̀. Bó bá délé lálẹ́, ohun tó kọ́ lọ́sàn-án ni yóò máa kọ́ àwọn ará ilé.

Nígbà tó ka ìwé yẹn tán, owó àtitẹ̀síwájú kò sí. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Obìnrin kan wà ní Denver, ní ìpínlẹ̀ Colorado, ibi tó jìnnà réré sí South Carolina. Mary Chrissman ni orúkọ rẹ̀. Òyìnbó ni, aránṣọ sì ni. Kì í ṣe olówó. Ó ń ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó tó ń rí nídìí aṣọ rírán láti fi rán ọmọbìnrin adúláwọ̀ kan lọ sílé ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ọmọ náà rí. Emma Wilson ló yan ẹni tí owó náà yóò kàn. Àwa tí a máa ń da owó ẹgbẹ́ jọ náírà lórí náírà, tí a kì í sì í mọ ibi tó ń bọ́ sí, a lè rí i níhìn-ín ohun tí owó abẹ́rẹ́ àti òwú lè ṣe.

Owó yìí ni Mary fi lọ sí Scotia Seminary ní ìpínlẹ̀ North Carolina láti 1888 títí di 1894. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí olùkọ́ dúdú àti olùkọ́ funfun tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Láti ibẹ̀ ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì tí Dwight Moody dá sílẹ̀ ní Chicago, ó sì múra sílẹ̀ láti di míṣọ́nárì ní Áfíríkà. Nígbà tó parí, ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ míṣọ́nárì ti ìjọ Presbyterian. Èsì tí wọ́n fún un ni pé kò sí àyè fún míṣọ́nárì adúláwọ̀ ní Áfíríkà. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ìjákulẹ̀ tó dun òun jù láyé nìyẹn.

Àwa tí a mọ ìtàn ìjọ wa mọ̀ pé Thomas Birch Freeman, tó gbé ìhìnrere Mẹ́tọ́díìsì dé Badagry ní 1842, ọmọ bàbá adúláwọ̀ ni. Ó ti ju 50 ọdún lọ tí iṣẹ́ ti Freeman ti ń so èso kí wọ́n tó sọ fún Mary pé kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀.

Kò jókòó sunkún pẹ́. Ó gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Augusta, ní Georgia, lábẹ́ Lucy Laney, obìnrin dúdú tó dá ilé ìwé ńlá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́dọ̀ ìyá yìí ló ti rí i pé obìnrin lè jẹ́ olórí ilé ìwé kó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àti pé àwọn ọmọ Áfíríkà tó nílò òun wà níwájú òun níbẹ̀. Ní 1898 ó fẹ́ Albertus Bethune, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan, Albert, ní 1899. A kò ní fi pamọ́ fún yín pé ìgbéyàwó náà kò rọgbọ. Ọkọ rẹ̀ fi ilé sílẹ̀ ní 1907, wọn kò sì tún gbé pọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Orúkọ Bethune ni ìyàwó ń jẹ́ lọ, ó sì tọ́ ọmọ rẹ̀.

Wàyí o, a dé Daytona, ní ìpínlẹ̀ Florida. Ní ìgbà náà wọ́n ń la ọ̀nà rélùwéè gba etí òkun ibẹ̀, àwọn òyìnbó olówó ń wá síbẹ̀ nígbà òtútù, àwọn adúláwọ̀ sì ń rọ́ lọ síbẹ̀ láti wá iṣẹ́ lébìrà. Àwọn ọmọ wọn ń ṣeré nínú iyanrìn láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò sẹ́ni tó ń kọ́ wọn. Ìyáàfin Bethune dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kékeré, gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 50. Ó háyà ilé kan tó ti ń jẹrà ní dọ́là 11 lóṣù. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1904 ó ṣílẹ̀kùn ilé ìwé rẹ̀ fún ọmọbìnrin márùn-ún, pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀.

Kò sí bẹ́ńṣì, kò sí tábìlì. Ó lọ tọrọ àpótí tí wọ́n ti dà nù lẹ́yìn ilé ìtajà, ó sọ wọ́n di ìjókòó. Igi tó jóná di pẹ́ńsùlù. Èso igbó tí wọ́n fún omi rẹ̀ di yíǹkì. Ó wá iṣẹ́ tí yóò máa mú owó wọlé. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń lo ànàmọ́, wọ́n ń fi ṣe páì, wọ́n ń gbé e lọ bá àwọn lébìrà tó ń kọ́lé, wọ́n sì tún ń ta áísìkiriìmù. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi àkàrà àti mọ́ínmọ́ín rán ọmọ níwèé rí, a mọ̀ pé ẹ kò nílò àlàyé.

Nínú owó páì yìí ló ti fi dọ́là márùn-ún san àsansílẹ̀ fún ilẹ̀ kan. Ààtàn ni ilẹ̀ náà, ibi tí ìlú ń da pàǹtírí sí, tí àwọn èèyàn sì ń pè ní Ihò Ọ̀run Àpáàdì. Wọ́n kó ààtàn kúrò, wọ́n sì kọ́ ilé àkọ́kọ́ síbẹ̀. Wọ́n wọ inú rẹ̀ ní 1907, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ilé Ìgbàgbọ́.

Kò tijú láti tọrọ. Yóò gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí àdúgbò àwọn òyìnbó olówó, yóò kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn tó kàn ní ilẹ̀kùn ni James Gamble, ọmọ ìdílé tó ń ṣe ọṣẹ ní ilé iṣẹ́ Procter & Gamble. Ọ̀gbẹ́ni Gamble wá wo ilé ìwé tí wọ́n ní kó wá di alága ìgbìmọ̀ rẹ̀, kò rí ju ilé kékeré àti àpótí mélòó kan lọ, ó sì bi obìnrin náà léèrè ibi tí ilé ìwé wà. Ó dá a lóhùn pé inú ọkàn òun ló wà, pé ohun tí òun fẹ́ kọ́ ni òun ní kó wá ṣe alága fún. Gamble gbà, ó sì dúró tì í fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀gbẹ́ni White tó ń ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ náà wọlé lọ́jọ́ kan, ó rí ẹ̀rọ tó ti gbó tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ iṣẹ́, ó sì gbé tuntun wá. Àwọn kan wí nígbà náà pé ó ń tẹrí ba fún òyìnbó jù. Lójú tiwa, ẹni tó bá wí bẹ́ẹ̀ kò tíì wo inú yàrá ìpàdé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Gbogbo òyìnbó tó bá wá gbọ́ orin àwọn ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, ibi tí àyè bá ṣí sílẹ̀ ni yóò jókòó, ì báà jẹ́ ẹ̀gbẹ́ adúláwọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣà gbogbo Florida ni pé kí wọ́n pín wọn sọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ kan inú ń run ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gan-an, ó sì di dandan kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó nìkan ló wà. Wọ́n gba ọmọ náà tipátipá, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá lọ wò ó, ẹ̀yìnkùlé lẹ́bàá ilé ìdáná ló bá a. Ní 1911 ó ṣí ilé ìwòsàn tirẹ̀, ibùsùn méjì péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní orúkọ McLeod, orúkọ àwọn òbí rẹ̀. Àwọn dókítà dúdú tí kò ríbi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìlú rí ibi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin sì kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀.

Nígbà tí òfin fún àwọn obìnrin Amẹ́ríkà lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní 1920, ó mọ̀ pé wọn kò ní jẹ́ kí obìnrin dúdú lò ó bẹ́ẹ̀ nìkan. Ní Florida, ẹni tó bá fẹ́ dìbò gbọ́dọ̀ san owó orí kan, kó sì fi hàn pé òun mọ̀wé. Ó gun kẹ̀kẹ́ kiri láti gba owó fún àwọn tí kò ní, ó sì ń kọ́ àwọn àgbà níwèé lálẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò kan, àwọn ẹgbẹ́ Ku Klux Klan, àwọn tó ń fi aṣọ funfun bo orí wọn, tó sì ń pa adúláwọ̀, wọ́ wá sínú ọgbà ilé ìwé. Ilé ìwé ọmọbìnrin ni o. Ó ní kí wọ́n tan gbogbo iná tó wà nínú ọgbà, ó dúró lójúde, àwọn ọmọ sì ń kọ orin ìsìn. Àwọn oníbojú náà rìn gba inú ọgbà kọjá, wọ́n sì lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó kó àwọn adúláwọ̀ lọ sí ibi ìdìbò, wọ́n sì dìbò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kàn ìjọ wa nìyí. Ní 1923 ilé ìwé rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ Cookman Institute, ilé ìwé Mẹ́tọ́díìsì fún àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní Jacksonville láti 1872. Obìnrin ni wọ́n fi ṣe olórí ilé ìwé tí ọkùnrin àti obìnrin wà nínú rẹ̀. Ó di ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó sì ń lọ sí Àpérò Gbogbogbòò ìjọ gẹ́gẹ́ bí aṣojú. Kò sì dákẹ́ níbẹ̀ náà. Nígbà tí àwọn ẹ̀yà Mẹ́tọ́díìsì Amẹ́ríkà fẹ́ ṣọ̀kan ní 1939, àdéhùn tí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n kó gbogbo ìjọ adúláwọ̀ sí abẹ́ ẹ̀ka ọ̀tọ̀. Ìyáàfin Bethune tako o. Wọn kò gbọ́ tirẹ̀, àdéhùn náà sì wọlé. Ọdún 1968 ni wọ́n tó fòpin sí ẹ̀ka ọ̀tọ̀ náà, ọdún 13 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó dùn wá láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìtàn ìjọ ni.

Ní 1927, wọ́n pe àwọn olórí ẹgbẹ́ obìnrin káàkiri Amẹ́ríkà síbi oúnjẹ ọ̀sán ní ilé ìdílé Roosevelt ní New York. Òun ni olórí àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin dúdú nígbà náà, òun nìkan sì ni adúláwọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó tó àsìkò àtijókòó, ó hàn lójú àwọn obìnrin kan tó wá láti gúúsù pé wọn kò fẹ́ jókòó tì í. Ìyá àgbà ilé náà, Sara Roosevelt, dìde, ó fi ọwọ́ kọ́ ọ lápá, ó sì mú un lọ sí àga iyì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ìyàwó ọmọ ìyá àgbà yìí, Eleanor, wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láàárín Eleanor àti Ìyáàfin Bethune, ọ̀rẹ́ tí kò yẹ̀ títí dọjọ́ ikú. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ Eleanor di Ààrẹ Amẹ́ríkà.

Àkókò náà le. Iṣẹ́ wọ́n káàkiri Amẹ́ríkà, àwọn adúláwọ̀ ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ lé lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ni wọ́n ń gbà kẹ́yìn. Ní 1935 Ààrẹ Roosevelt dá àjọ kan sílẹ̀ láti wá iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ àti láti máa san owó díẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n má bàa fi ilé ìwé sílẹ̀. Wọ́n fi Ìyáàfin Bethune sínú ìgbìmọ̀ olùbádámọ̀ràn rẹ̀, lọ́dún 1936 sì ni wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀ràn àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀. Kò tíì sí obìnrin dúdú kankan tó jẹ́ olórí ẹ̀ka nínú ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà rí. Ó ti pé ọmọ ọdún 60.

Àwa obìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé orúkọ oyè lè wà lára ilẹ̀kùn kó má sì sí agbára lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó kíyè sí ni pé owó láti Washington ń lọ sí ọwọ́ àwọn olórí àjọ náà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pé òyìnbó ni wọ́n, àti pé ní gúúsù owó náà kì í dé ọ̀dọ̀ ọmọ adúláwọ̀. Nítorí náà kò fi àrọwà nìkan ṣe é. Ó tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n yan adúláwọ̀ ṣe igbákejì sínú ọ́fíìsì ìpínlẹ̀, ẹni tí yóò máa wo ìwé, tí yóò sì mọ ibi tí owó ń gbà. Ó rìn káàkiri láti rí i pé wọ́n ṣe é, nínú ọkọ̀ ojú irin tí òfin gúúsù ti ya àyè adúláwọ̀ sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni asínmá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó gba owó ọ̀tọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú ní yunifásítì, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń pín in. Ní ilé rẹ̀ ní Washington ló ti ń kó àwọn adúláwọ̀ yòókù tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba jọ, ọkùnrin ni púpọ̀ nínú wọn, ọ̀mọ̀wé ńlá sì ni wọ́n, kí ohùn wọn lè ṣọ̀kan bí wọ́n bá fẹ́ bá Ààrẹ sọ̀rọ̀. Ìwé ìròyìn pe ẹgbẹ́ náà ní Ìgbìmọ̀ Dúdú Ààrẹ. Òun ni ìyá wọn, òun náà sì ni alága.

Ọ̀kan nínú ohun tí a fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní 1938. Ìpàdé ńlá kan ni, adúláwọ̀ àti òyìnbó ló wà níbẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, òyìnbó gúúsù kì í fi ọ̀wọ̀ pe adúláwọ̀. Orúkọ ìsàmì ni wọ́n ń pè é, ì báà dàgbà ju ìyá wọn lọ. Ẹni tó ń darí ìpàdé pè é sórí pèpéle, ó sì pè é ní Mary lásán.  Ó fi hàn gbangba pé Ìyáàfin Bethune ni orúkọ òun, ẹni tó pè é sì tún un pè bó ṣe yẹ. Àwọn kan lè ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọmọ Yorùbá kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a kò bá fún ní orúkọ rẹ̀, a kò ní fún un ní owó iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún 1935 ló ti kó àwọn ẹgbẹ́ obìnrin dúdú jọ ní New York, wọ́n sì dá Àjọ Àpapọ̀ Àwọn Obìnrin Adúláwọ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ wọn dá lé jù: kí wọ́n gba obìnrin dúdú sí ọ́fíìsì ìjọba, kí wọ́n gbà á sí ilé iṣẹ́ ńlá, kó má jẹ́ pé ilé òyìnbó ni yóò ti máa fọ aṣọ títí ayé. Nígbà tí ogun Hitler dé, tí Ààrẹ sì fi àṣẹ lélẹ̀ ní 1941 pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà kò gbọdọ̀ kọ ẹnikẹ́ni nítorí àwọ̀, Ìyáàfin Bethune wà lára àwọn tó ti ń tì í lẹ́yìn.

Ní 1942 ìjọba dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun obìnrin sílẹ̀. Ìyáàfin Bethune kò jẹ́ kí wọ́n fi tàwọn adúláwọ̀ sí ìgbà tó bá yá. Nínú àyè 440 tó wà fún àwọn tí yóò kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ ọ́físà ní Fort Des Moines, ní Iowa, 40 jẹ́ ti obìnrin dúdú, òun sì wà lára àwọn tó yan wọ́n. Iyàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún wọn láti sùn, tábìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì fún wọn láti jẹun. Ó lọ bẹ̀ wọ́n wò, ó sì gbé ẹ̀sùn náà padà sí Washington. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin yìí ni Charity Adams, ọmọ àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti àwọn adúláwọ̀. Ní 1945 òun ló kó àwọn obìnrin dúdú tó ju 800 lọ sí ìlú Birmingham, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tẹ̀ yìí, níbi tí àìmọye lẹ́tà àwọn ṣọ́jà ti jókòó sínú ilé ẹrù tí kò rí ẹni pín wọn. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní yóò gbà. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ọdún 2022 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fi òfin fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ wúrà, nígbà tí púpọ̀ nínú wọn ti sùn.

Nígbà tí Ààrẹ Roosevelt kú ní 1945, Eleanor fún Ìyáàfin Bethune ní ọ̀pá ìtilẹ̀ olóògbé náà. Ó fẹ́ràn ọ̀pá gan-an, kì í sì í ṣe pé ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó ní ó ń fún ìrìn òun ní iyì. Ní ọdún kan náà ó wà ní San Francisco nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Òun pẹ̀lú W. E. B. Du Bois àti Walter White ni wọ́n ṣe aṣojú ẹgbẹ́ NAACP níbẹ̀, wọ́n sì gbé ọ̀ràn àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àmúnisìn síwájú, ilẹ̀ tiwa nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ dé ńkọ́? Ní 1952 wọ́n rán an lọ sí Monrovia, ní Liberia, láti ṣojú ìjọba Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń búra fún Ààrẹ Tubman lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 76. Wọ́n fi oyè ńlá ilẹ̀ Liberia dá a lọ́lá. Ọdún 57 ló ti kọjá láti ìgbà tí ìgbìmọ̀ míṣọ́nárì ti kọ̀wé kíkọ̀ sí i.

Ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 1955, ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró ní ilé rẹ̀ ní Daytona, wọ́n sì sin ín sínú ọgbà ilé ìwé, lórí ilẹ̀ tí kò jìnnà sí ibi tí ààtàn wà nígbà kan. Ilé ìwé náà ti di yunifásítì láti 2007, Bethune-Cookman ni wọ́n ń pè é, àjọṣe òun àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kò sì tíì yẹ̀.

Nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ní Washington, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ère méjì tó fi sí gbọ̀ngàn níbẹ̀. Ọ̀kan nínú ti Florida jẹ́ ti ọ̀gágun kan tó jà fún àwọn tó fẹ́ kí oko ẹrú máa lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e kúrò. Ní oṣù keje ọdún 2022 wọ́n gbé ère Ìyáàfin Bethune síbẹ̀, òkúta funfun láti Ítálì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ó wọ ẹ̀wù àwọn tó gboyè ní yunifásítì. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, òdòdó róòsì dúdú sì wà lọ́wọ́ kejì.